Ṣé ẹbí kan náà ni gbogbo àwọn tó ń jẹ́ Washington yìí?

Àǹtí_Olóòótọ́:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n lè rímú mí, torí àbúrò mi ọkùnrin ti sọ ọ́ dìjà lórí WhatsApp ìdílé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ló fẹ́ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ó ní "yunifásítì Washington" lòun fẹ́ lọ, mo ní Washington wo, ó ní èwo tún ni Washington wo, ṣé ó ju ẹyọ kan lọ ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ṣáà mọ̀ pé ọ̀kan jẹ́ olú-ìlú, ọ̀kan jẹ́ odidi ìpínlẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì sún mọ́ra rárá.

Àbúrò mi wá já lu ọ̀rọ̀, ó ní ọ̀dọ̀ ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ti wá, ìyẹn George Washington tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́, pé àtọmọdọ́mọ ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn, títí kan Denzel Washington òṣèré. Mo ní báwo, òyìnbó ni George, aláwọ̀ dúdú ni Denzel. Ó ní ṣé mi ò mọ ohun tí àwọn tó ń ra ẹrú ń ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n rà ni. Mi ò rí èsì fún un.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, mo rí Booker T. Washington, mo rí Dinah Washington olórin, mo rí ìwé ìròyìn Washington Post, mo rí òkè ńlá kan, mo rí ọ̀pẹ (bẹ́ẹ̀ ni o, igi ọ̀pẹ), mo tún rí ààrẹ orílẹ̀-èdè Brazil kan tó ń jẹ́ Washington, àti ìlú Washington míì ní England! Orí mi wá dàrú pátápátá. Níbo gan-an lorúkọ yìí ti wá, ṣé Denzel àti George bá ara wọn tan lóòótọ́, Washington wo sì ni ọmọ wa ń sọ? Ẹ má bínú pé ó gùn.

Bàbá_Ìtàn:

Àǹtí, ẹ kú làálàá. England lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìlú yẹn tí ẹ rí kẹ́yìn ló ṣáájú gbogbo àwọn yòókù. Àríwá ìlà-oòrùn England ló wà, lẹ́bàá Sunderland. Ní nǹkan bí ọdún 1183, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William de Hertburne fi ilẹ̀ tó ní ní Hertburne ṣe pàṣípààrọ̀, ó gba ilẹ̀ Washington yìí, bó ṣe kó débẹ̀ báyìí ló bọ́ orúkọ àtijọ́ sílẹ̀, ó ń fi orúkọ ibùgbé tuntun pe ara ẹ̀. Bí àwọn onílẹ̀ ṣe ń ṣe é nígbà yẹn nìyẹn, tó o bá pààrọ̀ ilẹ̀ o lè pààrọ̀ orúkọ. Nítorí náà, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ Washington kí èèyàn tó jẹ́ ẹ.

Àwọn ọmọ ẹ̀ wá ń tàn káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn, Lawrence Washington, oníṣòwò irun àgùntàn ni, òun ló ra ilẹ̀ Sulgrave ní Northamptonshire lọ́dún 1539 nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ń ta ilẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ àwọn ilé ìsìn. Ìran Lawrence yìí ni John Washington, òun ló wọkọ̀ ojú omi lọ sí Virginia, ọkọ̀ fẹnu gúnlẹ̀ sínú odò Potomac ní nǹkan bí 1657, bàbá bá jókòó síbẹ̀, ó fẹ́yàwó, ó ń gbin tábà. Ọmọ-ọmọ-ọmọ ẹ̀ ni George, tí wọ́n bí ní February 22, 1732.

Ibi tí mo ń lọ rèé o: George ò bí ọmọ kankan. Kò bí ẹyọ kan. Opó ni Martha nígbà tó fẹ́ ẹ lọ́dún 1759, ọmọ méjì tó ti bí fún ọkọ àkọ́kọ́ ni George bá a tọ́. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó kọ́kọ́ wá ọmọ George rí ná kó tó máa wá àtọmọdọ́mọ ẹ̀.

Kí n fi ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wo àsíá Washington DC, ìyẹn olú-ìlú yẹn, lórí fóònù yín. Funfun ni, ìlà pupa méjì ló dùbúlẹ̀ sí i, ìràwọ̀ pupa mẹ́ta wà lókè wọn. Àmì ara asà ìdílé Washington láti England nìyẹn látayébáyé, ọdún 1938 ni ìlú yẹn gbà á ṣe àsíá. Tẹ́ ẹ bá dé Sulgrave lónìí, ẹ máa bá àmì yẹn lára ilé tí Lawrence kọ́.

Kékeré_Alátakò:

Ọ̀gá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, "kò bí ọmọ" tí ẹ sọ yẹn, inú ìwé ló wà. Ṣé gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú oko ẹrú ni wọ́n kọ sínú ìwé ni? Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé àwọn ti ìran West Ford wá, ọkùnrin kan tí wọ́n bí sínú ẹrú, pé ọmọ George ni West Ford yẹn. Àbúrò Àǹtí ò jìnnà sóòótọ́ jàre, ẹ ò kàn fẹ́ gbà fún un ni.

Àti pé gbogbo wa la mọ̀ pé orúkọ ọ̀gá ẹrú ni ẹrú ń jẹ́. Ṣé ó tún ku ohun tí a ń wá?

Bàbá_Ìtàn:

Àbúrò, mo mọ ìtàn West Ford. Ìdílé wọn ló ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu, àwọn òpìtàn Mount Vernon, ibi tí George gbé, ò sì rí ẹ̀rí tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ìdílé arákùnrin George ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí, lábẹ́ àbúrò George tó ń jẹ́ John Augustine. Àmọ́ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà fún ẹ pé òótọ́ ni. Kí ni ọkùnrin yẹn ń jẹ́? Ford. Kí làwọn ọmọ ẹ̀ ń jẹ́? Ford. Kò sí Washington níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ ti jìn sí kòtò nìyẹn.

Ará_Seattle:

Ẹ ǹlẹ́ o. Ìpínlẹ̀ Washington ni mò ń gbé, ẹ jẹ́ kí n bá Àǹtí dá ti ìpínlẹ̀ àti ìlú lóhùn torí ojoojúmọ́ ni mò ń jẹ ìyà ẹ̀. Tí mo bá ti sọ pé Washington ni mo wà, wọ́n á ní "ẹ bá wa kí ààrẹ o." Ààrẹ wo? Láti Seattle dé DC lé ní 3,500 kìlómítà, bíi wákàtí márùn-ún nínú bàálù ni, etí òkun kan ni wọ́n wà, etí òkun kejì la wà.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ìtàn ibí ni pé àwọn tó ń gbé níbí láyé ọjọ́un ò bèèrè fún Washington rárá. Columbia ni wọ́n ní kí wọ́n máa pe ilẹ̀ àwọn, torí odò Columbia tó ṣàn kọjá. Nígbà tọ́rọ̀ dé ilé aṣòfin lọ́dún 1853, wọ́n ní rárá o, Columbia máa da àwọn èèyàn láàmú torí agbègbè olú-ìlú ń jẹ́ District of Columbia, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Washington kí ó má bàa sí ìdàrúdàpọ̀. Kí ó má bàa sí ìdàrúdàpọ̀ o! Àwọn àgbààgbà jókòó, wọ́n ronú, ohun tí wọ́n rí sọ nìyẹn. Ọdún 1889 la di ìpínlẹ̀, a sì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi orúkọ ààrẹ sọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ojú George ló wà láàárín àsíá wa, àsíá ọ̀hún sì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Olú-ìlú tiẹ̀, George fúnra ẹ̀ ló yan ilẹ̀ ẹ̀, ọdún 1791 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí oyè. Kò gbé ibẹ̀ ṣe ìjọba rí ṣá, wọn ò tíì kó ìjọba débẹ̀ kó tó kú ní December 1799. Káúńtì tó ń jẹ́ Washington káàkiri Amẹ́ríkà náà tó nǹkan bí 30, mi ò tíì ka àwọn ìlú kéékèèké o. Ìlú Washington ti North Carolina ń pariwo pé àwọn làwọn kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, láti 1776, ogun òmìnira ò tíì parí nígbà yẹn.

Òkè tí Àǹtí rí, New Hampshire nìyẹn wà. Kò ga tó àwọn òkè tiwa níbí, 1,917 mítà péré, àmọ́ ìjì tó ń jà lórí ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ní April 12, 1934, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ lókè ibẹ̀ ka atẹ́gùn tó ń sáré 372 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ó sì lé ní ọgọ́ta ọdún kí ibòmíì tó borí ẹ̀, Barrow Island ní Australia ló borí ẹ̀ lọ́dún 1996.

Tí ọmọ yín bá sì dé DC lọ́jọ́ kan, kó dúró sábẹ́ òpó gogoro tí wọ́n kọ́ fún Washington, kó gbójú sókè. Ó máa rí i pé òkúta ìsàlẹ̀ àti tòkè ò fi bẹ́ẹ̀ jọra, bíi 46 mítà sókè ni àwọ̀ ẹ̀ ti yí padà bíi pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i. Ọdún 1848 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, owó tán, wọ́n jà sí i, ogun abẹ́lé tún dé, òpó náà dúró bẹ́ẹ̀ láìlórí fún nǹkan bí ogún ọdún ó lé, ìgbà tí wọ́n fi máa padà débẹ̀, òkúta ò ti ibi kan náà wá mọ́. 1884 ni wọ́n parí ẹ̀, ó ga tó 169 mítà.

Tísà_Àgbà:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Denzel, torí ibẹ̀ ni nǹkan wà.

Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, àwọn tó ń jẹ́ Washington gẹ́gẹ́ bí orúkọ bàbá jẹ́ 163,036. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àádọ́rùn-ún ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nínú àwọn orúkọ tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, kò sí èyí táwọn dúdú pọ̀ nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, Jefferson ló tẹ̀lé e, ìyẹn ò sì ju bíi 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Orúkọ òyìnbó tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà wá di orúkọ àwọn dúdú. Kékeré_Alátakò ní orúkọ ọ̀gá ẹrú ni. Tóò. Lọ́dún tí George kú, ẹrú 317 ló wà ní Mount Vernon, ibùgbé ẹ̀. 123 nínú wọn ló jẹ́ tiẹ̀ gan-an. 153 jẹ́ ogún tí ọkọ àkọ́kọ́ Martha fi sílẹ̀, òfin ò fún George láṣẹ láti dá ìwọ̀nyẹn sílẹ̀. Àwọn yòókù, ó háyà wọn lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ogún ẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn 123 sílẹ̀ tí Martha bá ti kú, William Lee, ẹrú tó ń ṣe ìránṣẹ́ ẹ̀, nìkan ló ní kó gba òmìnira lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú 30 dọ́là lọ́dọọdún. Martha ò dúró dọjọ́ ikú ẹ̀, ó dá wọn sílẹ̀ ní January 1, 1801. (Ẹ rò ó wò ná: èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà nínú ilé yín tó jẹ́ pé ikú yín ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gba òmìnira. Oorun wo lẹ fẹ́ sùn?) Kí gbogbo àwọn 123 yẹn tiẹ̀ jẹ́ Washington pátápátá, èèyàn ò lè tibẹ̀ dé 160,000 láàárín igba ọdún, wọn ò sì jẹ́ ẹ pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lábẹ́ òfin, ẹrú ò ní orúkọ bàbá. Nínú ìwé ọ̀gá, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: Hannah, Ben, Old Frank, pẹ̀lú iye owó níwájú wọn. Àwọn kan ní orúkọ ìdílé tí wọ́n ń pe ara wọn lábẹ́lẹ̀, ọ̀gá ò sì mọ̀. Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1865, tí àwọn akọ̀wé ń forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́, fún ilé ìwé, fún ìgbéyàwó, wọ́n á ní "kí lorúkọ bàbá ẹ?" Ọ̀pọ̀ ẹ̀ wá sọ orúkọ tó wù ú. Àwọn kan mú ti ọ̀gá àtijọ́ tí ìyá wọn tọ́dọ̀ ẹ̀ wá kí àwọn ìbátan tí wọ́n tà síbòmíì lè rí wọn mọ̀, àwọn kan kọ orúkọ ọ̀gá tó lò wọ́n kẹ́yìn jálẹ̀jálẹ̀, àwọn kan mú èyí tó kàn dùn létí wọn. Nínú ìkànìyàn 1870 ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti kọ́kọ́ hàn pẹ̀lú orúkọ méjì.

Ẹ wo ti Booker. Ọdún 1856 ni wọ́n bí i ní Virginia, sínú ẹrú. Lẹ́yìn òmìnira ìyá ẹ̀ kó wọn lọ bá ọkọ ẹ̀ ní West Virginia, níbi tí wọ́n ti ń se iyọ̀. Ọmọ náà dé ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tíṣà ń pe rẹ́jísítà, ó wá gbọ́ tí gbogbo ọmọ ń dáhùn sí orúkọ méjì, àwọn míì mẹ́ta. Òun ní Booker nìkan. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí tíṣà ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì kàn án ó ti rí èyí tó máa sọ, ó dá a lóhùn láìgbọ̀n pé "Booker Washington", bíi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń jẹ́ ẹ. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìtàn ayé ẹ̀. Ọkọ ìyá ẹ̀ ń kọ́? Washington Ferguson lorúkọ ẹ̀, Washington ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Ìyá ẹ̀ tún wá sọ fún un nígbà tó yá pé òun ti sọ ọ́ ní Taliaferro láti kékeré, ó bá fi ìyẹn sáàárín, ibẹ̀ ni T ti wá. Ọmọ yìí ló wá di olórí ilé ìwé Tuskegee lọ́dún 1881, tí àìmọye ilé ìwé àwọn dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà sì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Ilé ìwé tí wọ́n bá pè ní Washington ní ìlú àwọn dúdú, ẹ má yára sọ pé George ni, ó lè jẹ́ Booker.

Ti Dinah tiẹ̀ tún yàtọ̀. Ruth Jones ni wọ́n bí i, ní Alabama lọ́dún 1924. Kì í ṣe Washington láti ọ̀dọ̀ bàbá, kì í ṣe ti ọkọ (ọkọ tó fẹ́ sì pọ̀ o), orúkọ orí ìtàgé ni. Denzel ní tiẹ̀, orúkọ bàbá ẹ̀ ni, pásítọ̀ ni bàbá náà. Wọ́n bí Denzel lọ́dún 1954 ní ìlú kan ní New York tó ń jẹ́ Mount Vernon, ìlú yẹn sì gba orúkọ lára ibùgbé George! Tí àbúrò yín bá fẹ́ fi Denzel mọ́ George, okùn tó wà nìyẹn o, orúkọ ìlú. Mount Vernon fúnra ẹ̀ sì tún jẹ́ orúkọ èèyàn, Vernon jẹ́ ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan tí ẹ̀gbọ́n George sìn lábẹ́ ẹ̀. Kò lópin.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: Walter Washington, aláwọ̀ dúdú, di méyọ̀ Washington DC lọ́dún 1967, Ààrẹ Johnson ló yàn án, nígbà tí wọ́n sì gba àwọn ará ìlú láyè láti dìbò lọ́dún 1974 wọ́n dìbò fún un. Lẹ́yìn ẹ̀, Harold Washington di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ méyọ̀ Chicago lọ́dún 1983. Walter àti Harold ò bá ara wọn tan.

Kékeré_Alátakò:

Tísà, ẹ ti tẹ́ mi sílẹ̀ tán 😂 Àmọ́ ẹ dáhùn eléyìí: àwọn Washington òyìnbó wá dà? Ṣé wọ́n ti kú tán ni?

Bàbá_Ìtàn:

Wọn ò kú tán. George láwọn àbúrò ọkùnrin, àwọn yẹn bímọ. Charles Washington, àbúrò ẹ̀, ló dá Charles Town sílẹ̀ ní ibi tó di West Virginia lónìí, lọ́dún 1786. Ọmọ John Augustine, ìyẹn Bushrod Washington, ló jogún Mount Vernon, ó sì jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Bushrod yìí gba pé kí a sọ̀rọ̀ ẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn dúdú tó ti gba òmìnira padà sí Áfíríkà sílẹ̀ lọ́dún 1816, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ yẹn ló dá Liberia sílẹ̀, erékùṣù tó wà ní Monrovia títí dòní tó ń jẹ́ Bushrod Island, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Àmọ́ lọ́dún 1821 tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ yẹn ń lọ lọ́wọ́, Bushrod kan náà kó èèyàn 54 kúrò ní Mount Vernon, ó tà wọ́n. Bàbá ìsàlẹ̀ òmìnira! Wọ́n kọ nípa ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn nígbà yẹn, ó bínú, ó ní dúkìá òun ni, òun lè ṣe é bó ṣe wu òun.

Ọwọ́ ìdílé ni Mount Vernon wà títí di 1858 tí John Augustine Washington Kẹta tà á fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní 200,000 dọ́là. Ilé ti ń ya lórí wọn nígbà yẹn, àwọn àlejò tó ń wá wo sàréè George ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ẹgbẹ́ obìnrin yẹn náà ló ṣì ń bójú tó o lónìí.

Ọmọ_Àgbẹ̀:

Ẹ ò dá Àǹtí lóhùn lórí ọ̀pẹ. Washingtonia ni wọ́n ń pè é, àwọn ọ̀pẹ gíga tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú gbogbo fọ́tò California. Onímọ̀ ewéko ará Jámánì, Hermann Wendland, ló fi orúkọ George sọ ọ́ lọ́dún 1879. Imọ̀ ẹ̀ tó ti kú kì í tètè já bọ́, ó máa ń so rọ̀ sára igi bí irùngbọ̀n, àwọn eku àti ẹyẹ á wá fi ṣe ilé. Ọsàn Washington náà wà, èyí tó ní ìdodo nídìí tí kò sì ní kóró. Brazil ló ti wá, láti Bahia, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Washington DC ló gbà á tó sì fi igi ẹ̀ ránṣẹ́ sí California, ó sì dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Eliza Tibbets lọ́dún 1873. Torí náà èèyàn kọ́ ló jẹ́ Washington fún ọsàn, ìlú ni.

Ẹ tún rántí George Washington Carver, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀pà. Inú ẹrú ni wọ́n bí òun náà sí, ní Missouri. George Carver ló ń jẹ́, àmọ́ George Carver míì wà nílùú tó ń gbé, lẹ́tà wọn ń ṣì lọ sọ́dọ̀ ara wọn, ó bá ki W sáàárín kó lè rí lẹ́tà tiẹ̀ gbà. Àwọn èèyàn ló wá ń pe W yẹn ní Washington. Ta ló sì wá gbà á síṣẹ́ ní Tuskegee lọ́dún 1896? Booker Washington. 😀

Ààrẹ Brazil yẹn, Washington Luís ni, 1926 sí 1930, orúkọ àbísọ ẹ̀ ni, àwọn ọmọ ogun ló lé e kúrò lórí oyè. Àwọn tó fẹ́ràn George láti òkèèrè ló ń sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀, lára agbábọ́ọ̀lù Brazil náà ó wọ́pọ̀ gan-an. Washington Irving, òǹkọ̀wé, New York ni wọ́n ti bí òun ní 1783, lọ́dún tí ogun òmìnira parí, ó sì darúgbó tán kó tó kọ ìtàn ayé George ní ìdìpọ̀ márùn-ún, ọdún tó parí ẹ̀ náà ló kú.

Àǹtí_Olóòótọ́:

Háà! Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní rẹ̀ ẹ́ yín. Mo ti fi èsì Bàbá_Ìtàn àti ti Tísà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìdílé, àbúrò mi ti rí i, àmì ti di búlúù, kò fọhùn. Ó ku ti ọmọ yìí. Mo bi í, ó ní "èyí tó dáa jù nínú ìṣègùn." Yunifásítì tó ń jẹ́ Washington ò wá pọ̀ jù báyìí? Bọ̀dá Ará_Seattle, ẹ gbà mí.

Ará_Seattle:

Àǹtí, ẹ jẹ́ kó sọ orúkọ ìlú, kó má sọ orúkọ yunifásítì. Tó bá ní Seattle, University of Washington nìyẹn, ti ìjọba ìpínlẹ̀ wa ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1861. Tó bá ní Pullman, ìpínlẹ̀ wa náà ni, àmọ́ Washington State University ni ìyẹn, ó jìnnà sí Seattle, oko àlìkámà ló yí i ká. Tó bá ní St. Louis, Missouri nìyẹn wà, kò sún mọ́ èyíkéyìí nínú Washington méjèèjì, yunifásítì aládàáni ni, owó ẹ̀ wọ́n, ilé ìwé ìṣègùn ẹ̀ sì lórúkọ gan-an. Àwọn èèyàn ń ṣì í mú débi pé lọ́dún 1976 wọ́n fi "in St. Louis" kún orúkọ ẹ̀. Tó bá sì ní DC, George Washington University nìyẹn. Columbian lorúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ní 1821, 1904 ni wọ́n yí i padà (ẹ rí Columbia yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń bá Washington jà káàkiri ni).

Washington and Lee tún wà ní Virginia, George fún wọn ní ìpín ìdókòwò tó tó 20,000 dọ́là lọ́dún 1796, orúkọ Lee wọlé lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Robert E. Lee tó jẹ́ olórí ilé ìwé náà kú ní 1870, àmọ́ wọn ò ní ilé ìwé ìṣègùn. Washington College ní Maryland náà kò ní, kékeré ni.

Nínú ìṣègùn, ti Seattle àti ti St. Louis ló lórúkọ jù, ti DC náà ní ilé ìwé ìṣègùn. Àmọ́ kó mọ̀ pé ilé ìwé ìṣègùn Seattle, àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wa àti àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rin míì ló ń fún láyè jù: Wyoming, Alaska, Montana àti Idaho. Àti pé ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn tí èèyàn bá ti gba dígírì àkọ́kọ́ ló ń wọ ilé ìwé ìṣègùn, kó má rò pé láti sẹ́kọ́ńdírì ló máa wọ̀ ọ́ tààrà. Tó bá ń kún fọ́ọ̀mù, ìpínlẹ̀ wa ni WA, olú-ìlú ni DC, St. Louis ni MO. Kó wo lẹ́tà méjì yẹn dáadáa kó tó sanwó fọ́ọ̀mù kankan, wọn kì í dá owó yẹn padà.